Ìtàn Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, Ẹni tí Ó Bá Ìgbà Yí

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìwé ọdọọdún yìí, a tún mú ìtàn ẹni ńlá kan tí ó ti lọ sí ibi àgbà ń rè wá síwájú yín, kí ọmọdé lè kà á, kí àgbà lè gbọ́ ọ, kí oníkálukú sì mú ohun tí ó bá ọ̀ràn tirẹ̀ mu níbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn bèèrè pé kí ni ó kan Ajíbódé nínú ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí a kò bí ní Ìbàdàn, tí kò sì bá àwọn baba wa gbé. Èsì wa kò gùn. Ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi ń gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ni ilé ń hù lórí rẹ̀ ní ojú wa yìí. Ìlú Ìbàdàn tí a máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ ná ọjà rẹ̀ ní àtijọ́ ti rìn wá bá wa nílé. Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ti di aládùúgbò wa. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó gbójú lé oko baba rẹ̀ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé oko ti di ojúlé. Inú ń bí àwọn kan sí i. Àwọn kan káwọ́ lérí, wọ́n ń wò. Àwọn kan sì ti ta ilẹ̀, wọ́n ti ná owó rẹ̀ tán, wọn kò sì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò dì mú. Nítorí irú ìgbà báyìí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a rántí ọkùnrin kan tí ayé gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra, ṣùgbọ́n tí kò sí ìgbà kan tí ó jókòó ti òfo.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI OGUN TÍ Ó KÓ O LỌ

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Ọ̀ṣoògùn, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní apá ibi tí Ìsẹ́yìn wà. Gbogbo wa mọ̀ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sáyé ni ó ń jẹ́ ẹ. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Àfàlà, ìdílé rẹ̀ sì tan mọ́ ti Aláàfin Abíọ́dún. Bí ayé bá dúró bí ó ti wà, ìdí òfì ni à bá ti rí Àjàyí títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé kò dúró. Ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń fọ́ lọ ní ìgbà náà, àwọn ìlú rẹ̀ sì ń ṣubú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1821, nígbà tí Àjàyí ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ogun dé bá Ọ̀ṣoògùn ní òwúrọ̀. Wọ́n mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ ara wọn ní ọrùn, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ. Kò fojú kan baba rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé irú ogun yìí kan náà ni ó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wá sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi kún Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, tí àwọn ọmọ wọn sì fi tẹ oko àti abúlé dó káàkiri agbègbè wa. Ọ̀nà kan ni gbogbo wọn gbà jáde. Ibi tí ẹsẹ̀ kálukú gúnlẹ̀ sí ni ó yàtọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Àjàyí di ọjà. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, nígbà tí ẹṣin náà kò sì wù wọ́n wọ́n dá a padà. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í gba tábà àti ọtí. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ dé ibi pé ó gbèrò lóru láti fi ọ̀já ìbàdí rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì dé Èkó, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹrú ará Potogí ti rà á, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn tí iye wọn tó 187.

Ní ọjọ́ 7 oṣù April, 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon lé ọkọ̀ ẹrú náà bá, ó sì gbà á. Ìdáǹdè dé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdáǹdè ni. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́ nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Nígbà tí wọ́n sì rí ọta àgbá tí a tò jọ, wọ́n ṣe bí orí ènìyàn ni. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun titun rí lójú gbogbo ènìyàn tí kò bá ì tíì sún mọ́ ọn wò.

IṢẸ́ GBẸ́NÀGBẸ́NÀ ÀTI IṢẸ́ OLÙKỌ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù June ọdún kan náà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Wọ́n mú Àjàyí lọ sí abúlé kan tí a ń pè ní Bathurst, wọ́n sì fi í sí ilé ìwé. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé nìkan kọ́ ni ó kọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú. Ọmọ ahunṣọ tí ó yẹ kí ó máa ju ọ̀kọ̀ ni ó di ayùn àti òòlù mú yìí, kò sì fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù December, 1825, a ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, èyí tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní ìlú London. Ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Ó ń jẹ́ ẹ títí ó fi kú. Ní 1826 wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lo oṣù díẹ̀ ní ilé ìwé ní Islington. Nígbà tí ó padà dé ní 1827, àwọn C.M.S. ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní Fourah Bay; Àjàyí sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́ ní àwọn abúlé Sàró. Ní nǹkan bí 1829 ó gbé Asano, tí a ń pè ní Susan, níyàwó. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a gbà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹrú, ilé ìwé kan náà ni wọ́n sì jọ kọ́. Ìran wọn kò parun: ọmọ-ọmọ wọn ni Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, tí ó bá ìjọba òyìnbó fa ọ̀rọ̀ ìṣèlú ní Èkó títí ó fi kú ní 1946.

Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, Crowther kò ní sùúrù pẹ̀lú àwọn tí ìsìn wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ó máa ń bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn kíkan, ó sì rò pé ẹni tí ó bá borí nínú iyàn ti ṣẹ́gun. Ìgbà tí ó dàgbà sí i ni ó rí i pé iyàn kì í yí ọkàn padà, ọ̀tá ni ó ń dá sílẹ̀. Nígbà tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù, tí ó ń bá àwọn ọba Mùsùlùmí ilẹ̀ Tápà jókòó, ó ti kọ́ láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni kí ó tó fèsì, wọ́n sì ń bu ọlá fún un. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé ìyípadà iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ìdàgbàsókè ènìyàn. Ẹlòmíràn wà tí ó ti pààrọ̀ iṣẹ́ nígbà mẹ́wàá tí kò pààrọ̀ ìwà rí.

Ó TÚN WÁ KỌ́ ÈDÈ TÍ A BÍ I SÍ

Ní 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wọ Odò Ọya láti wá ọ̀nà tí òwò rere yóò fi rọ́pò òwò ẹrú. A mú Crowther lọ pẹ̀lú wọn. Ibà pa nǹkan bí ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn òyìnbó tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ náà láàrin oṣù díẹ̀. Ìgbà náà ni ó wá hàn kedere sí àwọn aláṣẹ pé bí iṣẹ́ kan yóò bá dúró ní ilẹ̀ wa, ọmọ ilẹ̀ wa ni yóò ṣe é. Wọ́n tún rán Crowther lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi jẹ àlùfáà ní 1843. Ní ọdún náà gan-an ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde.

Nígbà tí ó padà sí Freetown, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní oṣù January, 1844, fún àwọn ènìyàn wa tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí ná an. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti mú un kúrò nílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kàwé, òun ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ, òun ni ó sì fi ń gbàdúrà níwájú ìjọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ogun kó lọ. Nítorí náà ó ní láti tún jókòó bí ọmọ ilé ìwé, ẹni tí ó ti di àlùfáà, ó sì ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn arúgbó, lọ́wọ́ àwọn babaláwo, lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí àti lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ òwe wọn sílẹ̀, ó sì ń yan èyí tí ó yẹ fún ìwé. A rò pé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó kọ́, èyí ni ó ṣòro jù lọ, nítorí ó ń fẹ́ ìrẹ̀lẹ̀. Ó rọrùn fún ènìyàn láti sọ pé òun kò mọ èdè àjèjì. Ó ṣòro láti jẹ́wọ́ pé òun ti gbàgbé ti ìyá òun.

Ní oṣù January, 1845, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Àgbádárìgì. Ogun dí ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí wọ́n lè lọ sókè fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ní oṣù August, 1846, wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, a mú arúgbó obìnrin kan wọlé wá bá a. Àfàlà ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìyá àti ọmọ kò ti fojú kan ara wọn. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, omi ń jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, a pè é ní Hannah. Bí Crowther bá ti jẹ́ kí èdè rẹ̀ parun sí Sàró, ògbufọ̀ ni ìbá máa dúró láàrin òun àti ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ayọ̀ yìí. Kí àwọn ọmọ wa tí ń tọ́ ọmọ ní London àti ní Amẹ́ríkà jọ̀wọ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí wọ́n rò ó.

ÌWÉ TÍ IṢẸ́ ỌWỌ́ RẸ̀ BÍ

Láti Abẹ́òkúta ni ó ti tẹra mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ìwé Paulu sí àwọn ará Romu jáde ní 1850, àwọn ìyókù sì ń tẹ̀ lé e. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é; àwọn bíi Thomas King ràn án lọ́wọ́; ìgbà tí ó sì di àwọn ọdún 1880 ni gbogbo Bíbélì Yorùbá wá pé. Crowther wà pẹ̀lú nínú àwọn tí ó pàdé ní Èkó ní 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, inú iṣẹ́ ìran wọn ni ó ti wá. Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, gbogbo wa ni a jọ ń jẹ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Ìwé àfọwọ́kọ tí ó ti ń kó ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá jọ sí fún ọdún mọ́kànlá jóná. Ẹni tí iná bá jó oko kòkó rẹ̀ mọ ohun tí a ń wí. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni nígbà náà. Kò sí ẹni tí ìbá bá a wí bí ó bá sọ pé ó tó gẹ́gẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣàìsọ ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní àárín ìgbà yìí. Ní 1851, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta tí a sì lé wọn padà, Crowther lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rojọ́ níwájú àwọn ìjòyè àti níwájú Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ pé òwò ẹrú ní Èkó ni ó ń dá ogun sílẹ̀. Ní òpin ọdún náà ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, a sì dá Ọba Akítóyè padà sórí oyè. Òwò ẹrú dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1861 àwọn tí a pè wá ṣe ìrànlọ́wọ́ gba Èkó tán pátápátá. Àwọn kan dá Crowther lẹ́bi nítorí èyí, àwọn kan sì sọ pé ẹni tí a ti fi okùn fà lọ́rùn kò lè ṣe kí ó má pe ẹni tí yóò já okùn náà. Ní tiwa, a rí i pé ìyípadà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè máa ń mú àlejò tí a kò pè lọ́wọ́.

OYÈ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀTI ODÒ ỌYA

Ní 1854 Crowther tún bá ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Pleiad gun Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè lọ. Dókítà Baikie tí ó ṣe olórí ìrìn àjò náà fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ní oògùn kuiníìnì láti máa lò kí ibà tó mú wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ibà pa. Ní 1857 wọ́n tún lọ, Crowther sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha. Ní oṣù October ọdún náà ọkọ̀ wọn fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ìgbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ mìíràn, kò ṣe ọ̀lẹ. Ó ń kọ́ èdè Tápà, ó sì padà tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1864. Ó tẹ ìwé àkọ́kà ní èdè Ìbò jáde pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù June, 1864, nínú ilé ìsìn ńlá ti Canterbury, a fi ọmọ Ọ̀ṣoògùn jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà, Yunifásítì Oxford sì fún un ní oyè Dókítà. Àwọn òyìnbó kan tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí wọn, nítorí náà Odò Ọya àti àwọn ìlú tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin ni a fi sí ìtọ́jú rẹ̀. Ní ọmọ ọdún márùnléláàádọ́ta, ẹni tí ó mọ ilẹ̀ Yorùbá bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni a rán lọ máa bá àwọn Ìbò, Ìjọ, Tápà àti Ìgalà gbé. Ó lọ. Ó fi àwọn ọmọ Sàró ṣe òṣìṣẹ́, ó sì kọ́ ilé ìwé láti Bonny títí dé Lọ́kọ́ja. Ní 1867, nígbà tí ó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, olóyè kan nítòsí Ìdá mú un, ó sì ń bèèrè owó gọbọi kí ó tó tú u sílẹ̀. A gbà á kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó aṣojú ìjọba tí ó lọ gbà á bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí wọ́n mú Àjàyí ní ìgbèkùn. Kò sá kúrò ní Odò Ọya nítorí rẹ̀.

ÌGBÀ OGBÓ ÀTI ÌDÁNWÒ ÌKẸYÌN

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Crowther ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni ìyípadà tí ó korò jù lọ dé. Àwọn òyìnbó tí ó ràn án lọ́wọ́ ní àkọ́kọ́ ti kú. Ìran titun dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbàgbọ́ pé ènìyàn dúdú lè ṣe olórí. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀sùn kan ní ìdí, nítorí Odò Ọya gùn, ojú Bíṣọ́ọ̀bù kan kò sì lè tó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n da ewé pọ̀ mọ́ igi, wọ́n sì fi ẹ̀bi àwọn díẹ̀ bá gbogbo wọn wí. Ní ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù August, 1890, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lójú rẹ̀, wọ́n sì nawọ́ kan ọmọ rẹ̀, Dandeson, pẹ̀lú. Bàbá arúgbó náà dìde, ó sì fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà. Kò lọ dùbúlẹ̀, kò sì dá ìjọ tí ó kọ́ rú. Ó fara mọ́ ètò kan tí àwọn ìjọ etí òkun gbé kalẹ̀, pé kí wọ́n máa fi owó ara wọn bọ́ àwọn àlùfáà wọn, kí wọ́n sì máa ṣe àkóso ara wọn láìkúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Lórí èyí ni ó wà tí àrùn ẹ̀gbà fi kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December, 1891, ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún. Ní 1892 ètò tí ó fọwọ́ sí náà fìdí múlẹ̀, ọmọ rẹ̀ Dandeson sì ṣe olórí rẹ̀.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbìn kò kú. Ní 1952, nígbà tí a dá ìjọ Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn sílẹ̀, ọmọ Ìbàdàn gan-an, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ẹni tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ni ó kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà. Ní oṣù June, 2014, tí ó pé 150 ọdún tí a fi Crowther jẹ oyè, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ṣe ìsìn ìrántí rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba fún ìwà tí a hù sí i. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ SỌ FÚN AJÍBÓDÉ

Ẹ̀yin ará wa, bí a bá ka iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ọmọ ahunṣọ ni, ẹrú ni, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, olùkọ́ ni, olùtumọ̀ ni, àlùfáà ni, arìnrìn-àjò ni, Bíṣọ́ọ̀bù ni. Kò sí èyí tí ó kọ́ tí ó ṣòfò. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa fi ẹ̀kún rántí oko baba rẹ̀ ni kò ní rí àyè kọ́ iṣẹ́ tí ó wà níwájú. Bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà. Bí oko ti di ilé yìí, ilé ń fẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ń fẹ́ bíríkìlà, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò fa iná àti omi sí i. Yunifásítì sì ń fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́. Kí ló dé tí ọmọ ẹlòmíràn yóò fi wá ṣe gbogbo rẹ̀ lójú ọmọ onílẹ̀? Àwa rò pé owó ilẹ̀ tí ó bá wọlé, ẹ̀kọ́ ọmọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ṣe kí a tó fi ṣe àríyá. Ẹni tí ó ti dàgbà kò sì gbọdọ̀ sọ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni ẹni tí iná jó ìwé rẹ̀, tí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Crowther pààrọ̀ iṣẹ́, ó pààrọ̀ ìlú, ó gba orúkọ titun, kò sì jẹ́ kí Àjàyí kúrò lára rẹ̀, kò sì jẹ́ kí Yorùbá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ sọ èdè wa fún àwọn ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ọ̀nà Ajíbódé, kí wọ́n má baà wá di àlejò lójú ìyá wọn àgbà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìyípadà ayé yí wa sí rere. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ìgbà fi wá sẹ́yìn. Kí Ajíbódé máa gbòòrò, kí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé àti lẹ́yìn odi máa pọ̀ sí i ní ọgbọ́n. Àṣẹ.